Dominique Jean Larrey

Dominique Jean Larrey (ọjọ́ 8 oṣù Keje, ọdún 1766 – ọjọ́ 25 oṣù Keje, ọdún 1842) jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ ọmọ orílẹ̀-èdè Fránsì, tí ó ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Napoleon Bonaparte. A mọ̀ ọ́n fún ìlànà pé bí ọgbẹ́ bá ṣe le tó ni a ó fi mọ ẹni tí a ó kọ́kọ́ tọ́jú. Irú ìlànà yìí náà ni a fi ń to ìròyìn àṣìṣe inú ètò kọ̀ǹpútà lónìí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé

Wọ́n bí Larrey ní abúlé Beaudéan, lẹ́bàá òkè Pyrenees. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Alexis, arákùnrin bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ní Toulouse, ni ó tọ́ ọ dàgbà, tí ó sì kọ́ ọ níṣẹ́.

Iṣẹ́ lójú ogun

Ní ọdún 1792, ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun etí odò Rhine. Nígbà náà, ẹni tí ó bá fara gbọgbẹ́ a máa wà nílẹ̀ títí ìjà yóò fi parí, ọ̀pọ̀ sì ń kú kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Larrey ṣètò kẹ̀kẹ́ fífúyẹ́ tí ẹṣin ń fà láti máa gbé wọn kúrò bí ìjà ti ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ lè pa á ni ó ń kọ́kọ́ tọ́jú, láìka ipò sí. Ẹni tí tirẹ̀ kò le púpọ̀ yóò dúró, ìbáà jẹ́ ọ̀gágun. Ó tọ́jú àwọn ọ̀tá pẹ̀lú. Ó ṣàlàyé ìlànà yìí nínú ìwé ìrántí rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ọdún 1812.

Ní Waterloo, ní ọdún 1815, àwọn ọmọ ogun Prussia mú un, wọ́n sì fẹ́ pa á. Blücher, olórí ogun wọn, dá a sílẹ̀, nítorí pé Larrey ti tọ́jú ọmọ rẹ̀ rí.

Ipa lórí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà

Triage, ọ̀rọ̀ Faransé tí ó túmọ̀ sí ṣíṣà nǹkan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ni a wá ń pe ìlànà yìí lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà yá ọ̀rọ̀ náà lò, nítorí pé ìròyìn àṣìṣe sábà máa ń pọ̀ ju àwọn tí yóò tún un ṣe lọ. Bugzilla, tí ó jáde ní ọdún 1998, ya bí àṣìṣe ṣe le tó sọ́tọ̀ kúrò lára bí ó ṣe yẹ kí a tètè tún un ṣe tó. Ìpele méje ni Debian ní: àṣìṣe tí ń ba dátà jẹ́ gidigidi wà lára àwọn tí ó wà lókè pátápátá, ẹ̀bẹ̀ fún ohun tuntun sì wà nísàlẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ètò kan bá ń pa àmì ohùn rẹ́ nínú ìwé Yorùbá tí a ti fi pamọ́, ó le ju àwọ̀ bọ́tìnnì tí kò dára lọ, ẹnikẹ́ni tí ì báà fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ikú àti ìrántí

Napoleon fi 100,000 owó franc sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìhágún rẹ̀. Larrey kú ní Lyon nígbà tí ó ń darí bọ̀ láti Àlgéríà. Orúkọ rẹ̀ wà lára Arc de Triomphe ní Paris.