Al-Jazari, Ọ̀gá Oníṣẹ́-ọnà Tí Ó Ṣe Ọmọ-ọ̀dọ̀ Tí Kì í Ṣe Ènìyàn

Barakallahu, tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ti Kàdúná lọ sí Zaria, orúkọ Lárúbáwá ni ó ń jẹ́, àdúrà ìbùkún sì ni orúkọ náà. Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ń gbé ibẹ̀ àti ní àwọn ìlú mìíràn ní Òkè Ọya, ojoojúmọ́ ni ẹ ń rí àwọn tí ń fi búta ṣe àlùwàlá kí wọ́n tó kírun. Nítorí àlùwàlá yìí gan-an ni a ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí òkìkí wọn kàn jùlọ, tí a ṣe ní àwòrán ènìyàn. Ismail al-Jazari ni ẹni tí ó ṣe é.

A gbà pé ọdún 1136 ni a bí i, ní ilẹ̀ tí ó wà láàrin odò Tigris àti odò Euphrates. Al-Jazira ni àwọn Lárúbáwá ń pe ilẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni ó sì ti gba orúkọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ẹlòmíràn ní ará Ìjẹ̀bú tàbí ará Èkìtì. Kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe ológun. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó fi lókìkí. Ní nǹkan bí ọdún 1174 ni ó bọ́ sí ààfin àwọn ọba ìdílé Artuq ní Diyarbakir, ìlú tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì lónìí. Ó sin bàbá, ó sì sin ọmọ méjì tí wọ́n jọba lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí àbúrò nínú wọn, Nasir al-Din Mahmud, kò fẹ́ kí ìránṣẹ́ máa da omi sí òun lọ́wọ́ nígbà àlùwàlá. Al-Jazari bá ṣe ère ọmọ-ọ̀dọ̀ kan fún un, tí ó mú ohun ìpọnmi lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ó sì mú aṣọ ìnura, ìyarun àti dígí lọ́wọ́ òsì. Ère náà a da omi fún ọba. Bí omi bá ń tán lọ, a na ọwọ́ òsì sí i kí ó lè nura.

Ó tún ṣe ère ọmọbìnrin kan tí ń gbé ohun mímu fún àlejò. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ó ń dúró sí, lórí àgbá kẹ̀kẹ́ kéékèèké. Ohun mímu a máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú agolo kan. Bí ó bá kún, a dà sínú ife ọwọ́ ère náà. Ìwúwo ife yìí ni yóò mú kí ère yí wá sórí ọ̀nà tí ó da gẹ̀rẹ̀, tí yóò fi ara ṣí ilẹ̀kùn, tí yóò sì yọ sí àlejò. Kò sí iná mànàmáná, kò sí ẹ́ńjìnnì. Omi àti ìwúwo ni ó ń ṣiṣẹ́.

Ọba náà pàṣẹ fún un pé kí ó kọ ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí làálàá rẹ̀ má baà ṣòfò. Ní ọdún 1206 ni ó parí ìwé náà. 50 ohun ọnà ni ó ṣàlàyé sínú rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán, ó sì sọ bí a ti ń gé irin àti bí a ti ń so ó pọ̀, kí oníṣẹ́ mìíràn lè ṣe irú rẹ̀. Ọdún náà ni a gbà pé ó jáde láyé.

Àwọn ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ ti parun, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ wà. Donald Hill túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1974, àwọn ènìyàn sì ti tún àwọn kan nínú ẹ̀rọ náà ṣe láti inú rẹ̀. Ní ọdún 2022, a ṣí aṣọ lójú Omeife ní Àbújá, róbọ́ọ̀tì tí a ṣe ní àwòrán obìnrin, tí ó ń sọ Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò. Èrò al-Jazari kò tíì kú.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, wẹ́dà àti oníṣẹ́ iná wa ní ìdálẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbà oníṣẹ́ ni ó ti bá ìmọ̀ rẹ̀ wọ ibojì. Bí ẹ kò bá lè kọ̀wé, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tí ó lọ sí ilé-ìwé jókòó tì yín kí ó bá yín kọ ọ́ sílẹ̀.