Henrietta Lacks (1920–1951): Obìnrin tí Ara Rẹ̀ Di Ẹ̀kọ́ fún Aráyé

Nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ pa ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Odigbo, àwọn ará ilé wa ní àrùn ìdílé ni, pé kò ní ṣàì kan ìyá mi àti èmi náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n fojú kan oorun. Òun ni ó mú mi wá ìtàn obìnrin tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa yìí kà.

Ìlú Roanoke, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, ni a ti bí Henrietta Lacks ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ, ọdún 1920. Ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀ ní 1924, bàbá rẹ̀ àgbà ní Clover sì gbà á tọ́. Oko tábà ni ó ń bá wọn lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ agbègbè Ore ti ń bá òbí lọ sóko kòkó. David Lacks fẹ́ ẹ ní 1941, ó sì bí ọmọ 5 fún un. Wọ́n kó lọ sí ẹ̀bá ìlú Baltimore.

Ní oṣù kìíní 1951, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ó sì fọwọ́ kan kókó kan nínú ara rẹ̀. Ó lọ sí ilé-ìwòsàn Johns Hopkins. Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà fún Dókítà George Gey, láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ tàbí kò fẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú nínú ìgò tẹ́lẹ̀ a máa kú. Tirẹ̀ kò kú, ńṣe ni wọ́n ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí wákàtí 24. Láti inú orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ti yọ orúkọ HeLa. Henrietta fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá, ọdún 1951, ní ọmọ ọdún 31. Ó lé ní ogún ọdún kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó gbọ́ pé sẹ́ẹ̀lì ìyá wọn ń káàkiri ayé.

Sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ni wọ́n fi dán abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ wò. Láàárín 1980 sí 1985, Harald zur Hausen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì rí kòkòrò àrùn HPV 18 nínú wọn. Ìbálòpọ̀ ni ó ń tàn án kálẹ̀, HPV ni ó sì ń fa àrùn yìí lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó kó kòkòrò yìí ni ara wọn ń lé e dànù láàárín ọdún 2. Kí ló dé tí kì í lọ lára àwọn mìíràn? Lára ohun tí a ń jogún ni àwọn jíìnì kan tí a ń pè ní HLA. Iṣẹ́ wọn ni láti ta ara lólobó pé àlejò búburú ti wọlé. Wọn kò rí bákan náà lára gbogbo wa. Ọmọ ìyá méjì pàápàá lè yàtọ̀. Ti àwọn kan kì í tètè dá HPV mọ̀. Nítorí náà, ohun tí ènìyàn lè jogún ni ẹ̀ṣọ́ tí kò lágbára tó, kì í ṣe àrùn náà fúnra rẹ̀.

Ohun tí mo ṣàlàyé fún ìyá mi nìyí. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a jọ lọ ṣe àyẹ̀wò. Wọn kò rí àléébù kankan. Láti oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV lọ́fẹ̀ẹ́. Àbúrò mi ti gba tirẹ̀. Henrietta kò rí irú rẹ̀ gbà. Òkèèrè ni a ti í wo igi gogoro kí ó má baà gún ni lójú: ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe jókòó ti ọ̀rọ̀ àrùn ìdílé. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò.