Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí àti Ètò Ìjọba Amúnisìn

Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá ni Yorùbá ń wí. Ní ti Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, ìgbà tí ojú rẹ̀ rí lórí ìtẹ́ kan ṣoṣo ju ẹyọ kan lọ. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1889. Ó kàwé, ó ṣiṣẹ́ ní Rélùwéè láti ọdún 1909, ó sì fi í sílẹ̀ ní 1921 láti di oníṣòwò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1930 ni ó gorí ìtẹ́ Odùduwà.

Irú ìjọba tí ó bá nílẹ̀ yóò yéni bí a bá fi ti Sípéènì wé e. Ní Kúbà, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ, gómìnà ológun tí ó ti Sípéènì wá ni ó ń pàṣẹ títí di 1898. Àwọn ọmọ Yorùbá ibẹ̀, tí à ń pè ní Lùkùmí, a máa yan ọba nínú ẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n àṣẹ irú ọba bẹ́ẹ̀ kò kọjá inú ẹgbẹ́. Òótọ́ ni pé oko ẹrú ni Kúbà, ilẹ̀ baba ẹni sì ni Ifẹ̀. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ ètò ìjọba hàn gbangba. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò tú ààfin ká. Inú ààfin ni wọ́n gbà ṣàkóso ìlú. Ọba ni ó wà níwájú, ajẹ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àǹfààní yìí ní ewu tirẹ̀. Nínú àṣà, ọba kì í dá ìlú ṣe. Àwọn ìjòyè ni ó ń bá a tu ú. Nígbà tí ìjọba amúnisìn sọ Ọọ̀ni nìkan di Aláṣẹ Ìbílẹ̀, ajẹ́lẹ̀ ni ó lè bi í léèrè ju àwọn ìjòyè lọ. Kábíyèsí lo ipò náà fún ìlú: ní 1932, ó dá Oduduwa College sílẹ̀. Ó di mínísítà ní 1951, ó sì di ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Lọ́balọ́ba lẹ́yìn náà. Ní oṣù Keje ọdún 1960, ó di gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀.

Àga náà gbóná. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, nígbà tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ pín sí méjì, ọ̀pọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá mọ́. Gómìnà yọ ọ́ nípò olórí ìjọba. Akíntọ́lá pẹjọ́, ó sì jàre ní Nàìjíríà. Ní 1963, ilé ẹjọ́ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ pé ohun tí gómìnà ṣe bófin mu. Ṣùgbọ́n Adérẹ̀mí ti kúrò nípò gómìnà nígbà náà, wọ́n sì tún òfin Ẹkùn ṣe kí ìdájọ́ náà má baà múlẹ̀. Báyìí ni ó hàn pé, lẹ́yìn òmìnira pàápàá, Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń dá ẹjọ́ wa, àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn nílé sì lè sọ ẹjọ́ náà di asán.

Àga gómìnà bọ́, ìtẹ́ Odùduwà kò bọ́. Ìgbà amúnisìn kọjá, òmìnira dé, ológun gbàjọba, alágbádá sì padà ní 1979. Ní ọdún 1980 ni Kábíyèsí wàjà, lórí ìtẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá nílẹ̀ kí wọ́n tó dé, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ.