Henry Darcy: Ẹnjiníà tó fa omi wọ Dijon, tí òfin rẹ̀ wúlò fún àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú omi lónìí

Kí àwọn ilé iṣẹ́ kan tó ṣe ọkọ̀ ojú omi, tàbí apá abẹ̀bẹ̀ ńlá tó ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná mànàmáná, ìṣirò ọkùnrin kan tó ti kú láti ọdún 1858 ni wọ́n ń gbé sórí kọ̀ǹpútà. Omi mímu ni ọkùnrin náà ń wá ní tirẹ̀.

Ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, ọdún 1803 ni wọ́n bí Henry Darcy sí Dijon, ní orílẹ̀-èdè Faransé. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí bàbá rẹ̀ jáde láyé, síbẹ̀ ó kàwé dé École Polytechnique ní Paris, ó sì di ẹnjiníà ìjọba.

Omi Dijon kò dára rárá nígbà náà. Darcy la ọ̀nà omi abẹ́ ilẹ̀ tó gùn ju kìlómítà 12 lọ láti ìsun Rosoir wá sí ìlú. Nítorí pé ìsun náà ga ju ìlú lọ, omi ń ṣàn wá fúnra rẹ̀. Ó wọ Dijon lọ́dún 1840. Darcy kò gba owó iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ ọdún 1848, ìjọba tuntun mú un kúrò ní ìlú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1855, ara rẹ̀ kò le mọ́, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹlòmíràn ì bá sinmi. Darcy ní tirẹ̀ gbé ọ̀pá irin tó ga ju mítà 2 lọ kalẹ̀ ní ilé ìwòsàn Dijon, ó kó yanrìn sínú rẹ̀, ó ń da omi gba inú rẹ̀, ó sì ń wọn èyí tó ń jáde. Bí agbára tó ń ti omi bá di ìlọ́po méjì, omi tó ń kọjá náà á di ìlọ́po méjì. Bí yanrìn bá gùn ní ìlọ́po méjì, omi á dín sí ìdajì. Àfikún ẹ̀yìn ìwé tó tẹ̀ lọ́dún 1856 nípa omi Dijon ló fi àwárí ńlá yìí sí!

Rẹ́sìn jẹ́ irú àtè olómi kan tó máa ń le bí àkókò bá tó. Àwọn oníṣẹ́ á tẹ́ aṣọ òwú dígí sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n á fi ọ̀rá bò ó pa, wọ́n á sì fa afẹ́fẹ́ jáde kí rẹ́sìn lè wọ inú aṣọ. Bí ó bá le kó tó dé gbogbo igun, ibi gbígbẹ á kù, odidi iṣẹ́ olówó ńlá sì lè bàjẹ́. Òfin Darcy ni wọ́n fi ń mọ ibi tó yẹ kí rẹ́sìn gbà wọlé: aṣọ rọ́pò yanrìn, rẹ́sìn rọ́pò omi. Wọ́n tún ní láti ro bí rẹ́sìn ṣe ki tó, àti ọ̀nà tí òwú aṣọ náà kọjú sí.

Darcy kú ní Paris ní ọjọ́ 3, oṣù Kíní, ọdún 1858. Dijon ni wọ́n sin ín sí, gbàgede tí ọ̀kan nínú àwọn àgbá omi tó kọ́ wà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.