Ìgbésí Ayé Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips àti Èrò Rẹ̀ lórí Ohùn Orin Yorùbá

Ìfáárà
Bí a bá ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n fi ìmọ̀ orin gbé èdè Yorùbá ga, orúkọ Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips kò ṣe é fò. Iṣẹ́ rẹ̀ kan olùkọ́ èdè gẹ́gẹ́ bí ó ti kan olórin.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀
Ọdún 1884 ni a bí i. Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, tí ó ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Òǹdó, ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó di atẹdùùrù ní ìjọ St. Paul's, Breadfruit, ní Èkó. Ní 1911, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó padà wálé ní 1914, ó sì di ọ̀gá orin ní Kàtídírà ti Krístì, Èkó. Ibẹ̀ ni ó wà títí di 1962, ọdún 48 gbáko. Fẹlá Ṣówándé wà lára àwọn tí ó kọ́ ní dùùrù títẹ̀.

Ìṣòro tí Ó Dojú Kọ
Orin ìsìn tí a túmọ̀ sí Yorùbá ni ìjọ ń kọ, ṣùgbọ́n ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ọ́. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń fi ìyàtọ̀ sáàárín ọ̀rọ̀ Yorùbá. Bí orin bá fa ìparí ‘ọkọ’ wálẹ̀, ó di ‘ọkọ̀’. Bí ó bá gbé e sókè, ó di ‘ọkọ́’. Ẹni tí ń kọrin lè rò pé òun ń yin Ọlọ́run, kí etí tí ń gbọ́ ọ má sì mọ ohun tí ó ń wí.

Èrò Rẹ̀
Ní 1953, African Music Society ní Johannesburg tẹ ìwé rẹ̀, Yoruba Music, jáde. Nínú rẹ̀, ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ àti orin Yorùbá so pọ̀ mọ́ra, àti pé ohùn márùn-ún ni ìpìlẹ̀ orin wa. Ohùn méje ni àwọn Òyìnbó ń lò: do, re, mi, fa, so, la, ti. Bí a bá yọ fa àti ti kúrò, do, re, mi, so, la ni ó kù. Irú ètò ohùn márùn-ún báyìí wà nínú orin ilẹ̀ Ṣáínà àti ti Skọ́tíláǹdì pẹ̀lú. Phillips kò fi èrò yìí mọ sínú ìwé. Ó ṣe orin fún ìsìn àti fún dùùrù, nínú èyí tí ohùn orin ìbílẹ̀ ti hàn.

Àtúnyẹ̀wò
Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀lé e rí i pé ètò ohùn márùn-ún kò kárí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní agbègbè Ọ̀yọ́, níbi tí elégbè ti ń gbè é ní ohùn kan náà. Ṣùgbọ́n ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, a máa ń gbọ́ ohùn méje, elégbè a sì máa pín ohùn sí méjì. Èyí fẹ iṣẹ́ Phillips lójú sí i, kò sọ ọ́ di asán.

Àgbálọgbábọ̀
Phillips fi ayé sílẹ̀ ní 1969. Ọmọ rẹ̀, Ọbáyọ̀mí Phillips, ni ó ti gba ipò rẹ̀ ní Kàtídírà ní 1962. Ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún olùkọ́ ni pé ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ní orin Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ àmì ohùn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.