Abdou Moumouni: Ọ̀jọ̀gbọ́n Afoòrùn-dáná

Nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn akọni ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn olóṣèlú, àwọn jagunjagun àti àwọn òǹkọ̀wé ni ó sábà máa ń wá sí wa lẹ́nu. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò jagun, bẹ́ẹ̀ ni kò jọba. Oòrùn ni ó mú so bí ẹni mú ẹṣin so, tí ó ní kí ó wá ṣiṣẹ́ nínú ilé. Abdou Moumouni Dioffo ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè Niger ni, ilẹ̀ tí ó bá Nàìjíríà pààlà níhà àríwá. Aládùúgbò wa ni, síbẹ̀ mélòó nínú wa ni ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1929 ni wọ́n bí i ní ìlú Tessaoua. Ìjọba Faransé ni ó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, ilé-ìwé kò sì pọ̀. Ọmọ tí orí rẹ̀ bá pé nídìí ìwé, Dakar ni ó ń kọjá sí. Dakar náà ni Abdou gbà lọ, ibẹ̀ ni ó sì gbà dé Paris ní 1948. Ẹ̀kọ́ físíìsì ni ó yàn láàyò. Ní ọdún 1956, ó yege nínú ìdánwò agrégation, èyí tí àwọn ọmọ Faransé fúnra wọn ń bẹ̀rù. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òun ni ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ físíìsì.

Ìwé kò sọ ọ́ di ẹni tí ó gbàgbé ilé. Ó wà lára àwọn tí ó dá FEANF sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀dúdú ní ilẹ̀ Faransé, ní 1950. Ẹ ò rí i pé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ohun eré? Nígbà tí ó padà wálé, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe káàkiri, ní Dakar, ní Guinea lẹ́yìn tí ilẹ̀ náà kọ̀ láti wà lábẹ́ Faransé ní 1958, àti ní Niamey. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó kọjá sí Moscow láti lọ kọ́ nípa agbára oòrùn.

Ọdún 1964 jẹ́ ọdún ńlá fún un. Ọdún náà ni ìwé rẹ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà jáde, tí ó sì tún kọ àròkọ lórí agbára oòrùn ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà. Lójú tèmi, ọmọ ìyá ni àwọn iṣẹ́ méjèèjì. Nínú ìwé yẹn, ó fara mọ́ ọn pé èdè abínibí ni ó yẹ kí a máa fi kọ́ ọmọ. Àwa tí a mọ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá léwájú rẹ̀ láti 1970, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹni ni kí á kọ́kọ́ lò: èdè wa, oòrùn wa.

Lẹ́yìn tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Bamako, ó padà sí Niamey. Láti 1969 títí di 1985 ni ó fi ṣe ọ̀gá ONERSOL, iléeṣẹ́ agbára oòrùn tí ìjọba Niger dá sílẹ̀. Ẹ rántí irú àkókò tí ìyẹn jẹ́. Ọ̀dá ńlá ń ba ilẹ̀ Sahel jà, igi ń tán, obìnrin tí ó bá fẹ́ dáná ní láti rìn jìnnà kí ó tó rí igi ṣẹ́. Láti 1971 ni wọ́n sì ti ń wa uranium ní Arlit, tí wọ́n ń kó o lọ sí Faransé nígbà náà láti fi tan iná níbẹ̀. Láàrin àwọn ọdún 1970 náà, Niger bẹ̀rẹ̀ sí í ra iná mànàmáná láti Nàìjíríà. Ó ní orí, kò ní fìlà.

Kí ni Moumouni ṣe? Ó kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jọ, wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ tí ó ń fi oòrùn gbé omi kaná fún ilé gbígbé, ilé ìwòsàn àti ilé ìtura. Ẹ̀rọ náà kò ní awo nínú. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, tí wọ́n tẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a kùn ní ọ̀dà dúdú sí nínú, tí páìpù omi sì so mọ́ ọn. Dígí ni ó bò ó lórí. Ìtànṣán oòrùn a gba inú dígí wọlé, irin dúdú a fà á mu, dígí kò sì ní jẹ́ kí ooru náà tètè jáde. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ tí wọ́n gbé sínú oòrùn tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa mọ ohun tí mò ń wí. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ, nítorí náà òun a gòkè lọ sínú táǹkì, omi tútù a sọ̀ kalẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Kò lo iná mànàmáná, kò lo epo.

Àwọn òyìnbó náà ti gbìyànjú. Ní 1948, ní ìlú Dover ní Amẹ́ríkà, Maria Telkes fi oòrùn mú odindi ilé móoru nígbà òtútù, ó sì ń fi irú iyọ̀ kan tọ́jú ooru náà di òru. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, iyọ̀ náà kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ mọ́. Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀. A kì í mú ilé móoru. Omi ni a ń gbé kaná.

Òkè Bọ́lá ní Ìbàdàn ni èmi ń gbé. Bí ọyẹ́ bá ti mú, ilé tí ọlọ́mọ tuntun tàbí arúgbó bá wà, dandan ni kí wọ́n gbé omi kaná láàárọ̀. Èédú, igi, kẹrosíìnì àti gáàsì ni owó ń bá lọ. Bẹ́ẹ̀, oòrùn ọ̀sán ń yan òrùlé páànù wa lásán, láti Òkè Bọ́lá dé Bẹẹrẹ, dé Mápó. A kì í gbé etí odò kí á máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Àwọn ìyá wa kúkú ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: wọn a gbé omi sínú oòrùn kí ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìwẹ̀ ọmọ. Ìmọ̀ àgbàlá ilé yìí ni Moumouni fi físíìsì gbé ga.

Kí ló wá dé tí ẹ̀rọ náà kò fi kún ìgboro? Ẹnìkan lè ní ọ̀lẹ ni wá. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Igi ìdáná, díẹ̀díẹ̀ ni à ń rà á lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ oòrùn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni a ó san owó rẹ̀. Dígí àti irin rẹ̀ náà kì í ṣe ohun tí ó pọ̀ lọ́wọ́ tálákà. Oòrùn kò wọ́n, owó ìbẹ̀rẹ̀ ni ó wọ́n. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá lè yáni lówó ra ọ̀kadà, kí ni kò jẹ́ kí wọ́n yáni lówó ra ẹ̀rọ omi gbígbóná? Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi oòrùn tan iná nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lo bátìrì mọ̀ pé ketulu oníná ni ó ń yára gbẹ ẹ́. Ooru tààrà ló bá omi mu.

Moumouni ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Niamey láti 1979 di 1982. Ó kú ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1991. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì náà ń jẹ́ báyìí. Ọ̀wọ̀ ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n orúkọ lára ògiri kò tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ẹ̀rọ, ẹ mú iṣẹ́ ọkùnrin yìí, ẹ tún un ṣe. Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá, iṣẹ́ tiwa ni kí á wá ọ̀rọ̀ tí a ó fi ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá tí ó ń fẹ́ná lójú ààrò, kí ó lè mọ̀ pé ohun tí òun ń fi owó wá wà lórí òrùlé òun.