Zeno (Ọbalúayé Rómù)

Zeno (bíi ọdún 425 – ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 491) jẹ́ Ọbalúayé Ilẹ̀ Rómù ti Ìlà-Oòrùn láti ọdún 474 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, àyàfi ìgbà díẹ̀ láàrin ọdún 475 sí 476 tí wọ́n gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òpìtàn mọ̀ ọ́n fún ọ̀tẹ̀ tó pọ̀ ní àkókò rẹ̀. Àwọn tí ń ta ayò bakgámọ̀n mọ̀ ọ́n fún ayò kan tó ta, tí bí wọ́n ṣe to àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní àkọsílẹ̀ títí di òní.

Ìgbésí ayé

Tarasis ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Isauria, ilẹ̀ olókè ní gúúsù orílẹ̀-èdè Túrkì òde òní. Jagunjagun ni àwọn ará Isauria, ṣùgbọ́n ará oko ni àwọn ará Constantinople kà wọ́n sí. Ọbalúayé Leo Kìíní nílò wọn láti fi dènà Aspar, ọ̀gágun tí agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù láàfin, ó sì fi Ariadne ọmọ rẹ̀ fún Zeno ṣe aya. Leo Kejì, ọmọ tí wọ́n bí, jọba lẹ́yìn bàbá ìyá rẹ̀ ní ọdún 474. Ó fi bàbá rẹ̀ jọba pẹ̀lú ara rẹ̀, ó sì kú lọ́dún kan náà ní ọmọ ọdún 7.

Ní oṣù kìíní ọdún 475, Verina, opó Leo Kìíní, àti Basiliscus arákùnrin rẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ Zeno. Kò dúró jà. Ó sá lọ sí Isauria. Illus, ọ̀gágun tí wọ́n rán láti gbógun tì í, yí padà sí ẹ̀yìn rẹ̀, Zeno sì wọ Constantinople padà ní oṣù kẹjọ ọdún 476. Illus fúnra rẹ̀ dìtẹ̀ ní ọdún 484, ogun náà kò sì parí títí di ọdún 488. Ní ọdún 488 yìí ni Zeno rán Theodoric, ọba àwọn Goth, lọ bá Odoacer jà ní Ítálì, tí ewu àwọn Goth fi kúrò nítòsí olú-ìlú rẹ̀. Lẹ́yìn ikú Zeno, Anastasius ni Ariadne yàn sípò ọba, ó sì fẹ́ ẹ.

Ayò tabula

Tabula jẹ́ ayò àwọn ará Rómù tó jọ bakgámọ̀n. Ilé 24 ló wà lójú ọpọ́n, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọmọ 15, dáìsì mẹ́ta ni wọ́n sì ń dà. Ọmọ méjì tó bá wà pọ̀ nínú ilé kan ti di ilé náà mọ́ alátakò. Ọmọ tó bá dá wà ni alátakò lè pa, tí yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀.

Agathias, akéwì àti agbẹjọ́rò ní Constantinople ní ọ̀rúndún kẹfà, fi ewì èdè Gíríìkì ṣàlàyé ayò Zeno. Ní ọ̀rúndún 19, ọmọwé ará Fránsì Louis Becq de Fouquières tú u palẹ̀. Zeno ní ọmọ méje nínú ilé kan, méjì-méjì nínú ilé mẹ́ta, àti méjì tó dá wà. Dáìsì mú 2, 5 àti 6 wá. Àwọn méje náà kò lè rìn, nítorí alátakò ti di gbogbo ilé tí wọn ìbá bọ́ sí. Zeno ní láti tú àwọn méjì-méjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká, ọmọ mẹ́jọ sì dá wà láìní ààbò.

Ewu àti ààbò

Ọ̀nà 216 ni dáìsì mẹ́ta lè gbà balẹ̀, 6 péré nínú wọn ló sì ń mú 2, 5 àti 6 wá, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan nínú 36. Orí burúkú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe dáìsì nìkan ló jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó lè pa ọmọ méje tó wà lójú kan, síbẹ̀ wọn kò wúlò fún olówó wọn lọ́jọ́ ìṣòro. Bí díẹ̀ nínú wọn bá ti ṣáájú kúrò, ó ṣeé ṣe kí Zeno rí ọmọ mìíràn gbé. Nítorí náà, ẹni tó ń ta irú ayò yìí kò gbọdọ̀ wo ọmọ tí wọ́n lè pa báyìí nìkan. Ó tún gbọ́dọ̀ wo ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò bọ́ sí bí dáìsì tó ń bọ̀ bá burú.